Olúfẹ́mi, Kì í Ṣe Àìsàn Ló Pa Ọ́

Olúfẹ́mi, àbúrò mi, ọdún mẹ́rin rèé tí o sọ̀ kalẹ̀ sínú kànga kan ní Àgọ́-Àrẹ tí o kò gòkè wá mọ́.

Ọdún mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀rùn ti tún dé. Koríko ti gbẹ, kànga ìlú ń fún wa ní ẹrẹ̀ dípò omi, àwọn èèyàn sì ṣì ń wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ láti béèrè ẹni tí yóò bá wọn gbẹ́ tiwọn jìn sí i. Wọ́n á ti kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rántí. Wọ́n á ní, "Ẹ má bínú o." Wọ́n á padà lọ.

Jẹ́ kí n ròyìn ilé fún ọ. Ilé tí o kọ́ dé ojú fèrèsé kí o tó lọ ti ní òrùlé. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ la kàn án, Bọ́sẹ̀ ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ sì ti kó wọ ibẹ̀. Yàrá tí o ní kí a kọ fèrèsé rẹ̀ sí ọ̀nà òkè kí atẹ́gùn lè máa gba inú rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ náà la kọ ọ́ sí. Òótọ́ lo sọ. Yàrá náà tutù.

Ọmọ́tóyọ̀sí ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Success ti ga dé èjìká mi. Ó ń bá ìyá rẹ̀ fa omi, ṣùgbọ́n kì í wo inú kànga. Ọwọ́ rẹ̀ á máa fa okùn, ojú rẹ̀ á wà lára igi tó wà lẹ́yìn ilé.

Bọ́sẹ̀ ń yan gàrí ní àgọ́ kan, ó sì ń rí tà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin gbágùúdá níbẹ̀, èmi ni mo tún un ṣe. Mo gbé ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ síta gbangba, mo lu ihò sára ògiri, mo sì ra bẹ́líìtì gígùn tó gba ojú ihò náà wọlé, kí èéfín má baà bá àwọn obìnrin nínú àgọ́. Wọ́n ní mo ń ṣe àṣejù. Mo ní kí wọ́n máa wí.

Ní ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa tẹ ìwé kékeré kan lórí àwọn ọmọ ìlú tí a lè fi yangàn, ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó kọ́kọ́ di ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí ìdajì ìlú wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó kọ́ wa bí iṣu ṣe lè pẹ́ nínú àká láìjẹrà wà níbẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀, Olúfẹ́mi agbẹ́kànga. Àlùfáà kan ló ṣáájú rẹ, aránṣọ kan ló tẹ̀ lé ọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni ìbá pa ọ́.

Tíṣà Débọ́lá tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ pé o fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí Bàbá kú, o sì lọ kọ́ṣẹ́ kànga kí èmi lè parí iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo ń kọ́ ní Ṣakí. Wọ́n kọ ọ́ pé o máa ń tẹ́tí sí ìró dígà lára àpáta, ìró náà lo sì fi ń mọ̀ bóyá àpáta náà nípọn tàbí ó ti fẹ́ tán. Wọ́n kọ nípa ríìmù kẹ̀kẹ́ tí o sọ di ohun tí okùn ń gba orí rẹ̀ yí, tí ẹni kan fi lè fa ẹrù tí àwọn yòókù ń fi ẹni méjì fà. Wọ́n kọ nípa kànga ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí o gbẹ́ láìgba nǹkan kan, tí àwọn ọmọ ṣì ń mu títí dòní.

Bí mo ṣe ń kà á ni inú mi ń dùn. Mo wá dé ìlà tó kẹ́yìn: "Ó sùn nínú Olúwa lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́."

Àìsàn wo? Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, o jẹ iṣu, o jẹ ẹyin, o sì ní kí Bọ́sẹ̀ fi èyí tó kù pamọ́ dè ọ́.

N óò sọ ọ́ bó ṣe rí. Kànga Àgọ́-Àrẹ yẹn ti kan omi, ṣùgbọ́n omi náà kò tó. Ẹ ní láti gbọ́n ọn kúrò kí ẹ tó lè gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀. Pọ́ǹpù tó ń fa omi kò lè fà á láti ibi tó bá jìn jù. Ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ, bó ti wù kí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ tóbi tó. Bí omi bá ti jìn ju gíga ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ, pọ́ǹpù á kàn máa pariwo lásán ni. Gbogbo agbẹ́kànga Òkè-Ògùn ló mọ èyí. Nítorí náà, ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ni ẹ̀yin náà ṣe. Ẹ fi igi dábùú inú kànga, ẹ so pọ́ǹpù tòun ti ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ mọ́ igi náà kí ó lè sún mọ́ omi, ẹ sì tan án. Ó gbọ́n omi tán. Ẹ pa á.

O kò kánjú. O so àtùpà mọ́ okùn, o sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ bí ọ̀gá rẹ ṣe kọ́ ọ. Bí àtùpà bá kú, kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí kò bá kú, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Àtùpà náà kò kú. Gbọ́láhàn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé.

Kò pẹ́ tí ẹ gbọ́ ìró bó ṣe ṣubú. O pè é, kò dáhùn. O wọlé tọ̀ ọ́. O so okùn mọ́ ọn lábẹ́ apá, o ké sókè pé kí wọ́n máa fà, wọ́n sì fà á jáde láàyè. Nígbà tí wọ́n sọ okùn náà padà sí ọ, o kò dì í mú.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ramlah, ní ilé ìwòsàn tí a gbé Gbọ́láhàn lọ, ló là á yé mi. Ó ní nǹkan kan wà nínú èéfín ẹ̀ńjìnnì tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí èèyàn bá mí in sínú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbà á, á sì kọ afẹ́fẹ́ rere sílẹ̀. Inú kànga kò ní fèrèsé, kò síbi tí ó máa gbà jáde. Mo bi í léèrè nípa àtùpà. Ó ní, "Bàbá, èyí tó pọ̀ tó láti pa èèyàn kò pọ̀ tó láti pa iná." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Láti kékeré ni mo ti ń tú ẹ̀ńjìnnì palẹ̀. Mo lè wo èéfín kí n sì sọ ohun tó ń ṣe é. Èyí kò hàn sí ojú.

Ní Àgọ́-Àrẹ, wọ́n ní kànga ló mú ọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí i, àwọn ará àdúgbò sì ń lọ pọn omi lódò títí di òní.

Ìyá wa kò fẹ́ kí a mẹ́nu bà á rárá. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí a bá sọ pé ẹ̀ńjìnnì tí o fọwọ́ ara rẹ gbé wọlé ló pa ọ́, àwọn èèyàn á ní Olúfẹ́mi tó mọ kànga bí ẹni mọ ilé ìdáná ìyá rẹ̀, àìmọ̀kan ló pa á. "Orúkọ ló kù fún un," Ìyá wa wí. "Ẹ má gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ọmọ mi." Ìyá wa fúnra wọn ni wọ́n lọ bẹ Tíṣà. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni Tíṣà. Wọ́n kọ àìsàn ránpẹ́.

Èmi kò dákẹ́ o. Níbikíbi tí mo bá ti rí agbẹ́kànga, mo ń sọ fún un pé kí ó má gbé ẹ̀ńjìnnì wọ kànga mọ́. Mo ń sọ fún wọn nípa oríṣi pọ́ǹpù kejì, èyí tí wọ́n ń rì sínú omi, tó ń ti omi sókè dípò kí ó máa fà á. Iná mànàmáná ló ń lò, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á sì wà lókè, jìnnà sí ẹnu kànga. Wọ́n á gbọ́ mi tán. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ẹ kúkú sọ fún wa pé ẹ ti ń ta pọ́ǹpù." Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Ṣé o rántí Ògúndìran ará Okaka, ọkùnrin kúkúrú tó máa ń kọrin nínú kànga kí àwọn tó wà lókè lè mọ̀ pé àlàáfíà ni? Mo sọ ọ́ fún òun náà. Ó fi ọwọ́ gbá mi léjìká. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìwé ìlú yín. Àìsàn ló pa Fẹ́mi. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Òótọ́ ni. Àwa la kọ ọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn Kérésì tó kọjá, Ògúndìran sọ ẹ̀ńjìnnì kalẹ̀ sínú kànga kan ní Okaka. Ó gbọ́n omi tán. Ó fi àtùpà wò ó. Ó wọlé. Wọ́n ní ó ń kọrin títí tó fi dé ìdajì.

Ìyá wa bá mi lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ọmọ ọwọ́ ń bẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún pé àtùpà kò kú, àtùpà kò kú, bí ẹni pé a wá fẹ̀sùn kan ọkọ rẹ̀. Ìyá wa wò ó títí. Gbọ́láhàn ló fi ọ̀kadà gbé wọn padà sílé, torí iṣẹ́ ọ̀kadà ló ń ṣe báyìí, kò sún mọ́ kànga mọ́. Ìyá wa kò tíì tú gèlè tí wọ́n fi bi mí léèrè: "Olúkúnlé, níbo làwọn agbẹ́kànga ti ń ṣèpàdé?"

Abẹ́ igi kajú kan ní Ilero ni. Àwọn agbẹ́kànga dojú korobá dé, wọ́n jókòó lé e. Bàbá Ayọ̀ tó jẹ́ olórí wọn dìde fún Ìyá wa. "Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ẹ wá jókòó, ẹ̀yin la fi ṣe ìyá gbogbo wa."

Ìyá wa kò jókòó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kò ṣàìsàn. Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì tí ẹ̀ ń gbé wọ kànga ló pa á."

Ẹnì kan ní, "Ìyá, àtùpà la fi ń mọ̀ láti ayé àwọn bàbá wa."

"Láyé àwọn bàbá yín, ta ló gbé ẹ̀ńjìnnì wọ kànga?"

Ìyá wa ní kí Gbọ́láhàn, tó bá wa lọ síbẹ̀, na ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n wò ó. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbọ̀n. "Àtùpà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà," Ìyá wa wí. "Àtùpà kò kú. Ọmọ mi ló kú."

Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn kùn pé, "Kí la wá fẹ́ fi gbọ́nmi? Ta ló fẹ́ ra pọ́ǹpù tó ń rì sómi?"

Bàbá Ayọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá korobá tó wà níwájú wọn. "Kí lo jókòó lé? Ṣé fìlà ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá wa kò rẹ́rìn-ín.

Olúfẹ́mi, n kò ní parọ́ fún ọ mọ́. Àwọn kan gbọ́, wọ́n ti padà sí korobá àti okùn. Àwọn kan kò gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń ti Ṣakí bọ̀, mo rí i tí èéfín ń jáde lẹ́nu kànga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo dúró. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀ńjìnnì náà, wọ́n sì pa á, ṣùgbọ́n wọ́n bú mi. Mo jókòó sẹ́nu kànga náà títí tí wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọn lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé lójú mi. Bóyá wọ́n padà lọ́jọ́ kejì, n kò mọ̀.

Ohun tó ń ba Ìyá wa lẹ́rù sì ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jà, obìnrin kan sọ ọ́ létí wọn pé, "Ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ló gbé ẹ̀ńjìnnì náà wọlé ni?" Ìyá wa ra ata wọn, wọ́n sì padà sílé. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ránṣẹ́ pe Tíṣà Débọ́lá pé kí wọ́n mú bíírò wá.

Wọ́n máa tún ìwé náà tẹ̀. Ìlà tó kẹ́yìn lójú ewé rẹ ti yí padà: "Èéfín ẹ̀ńjìnnì ló pa á nínú kànga, lẹ́yìn tó ti so okùn mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè fà á jáde." Tíṣà kà á sókè. Ìyá wa ní kí wọ́n tún un kà.

Ìfẹ́ ló mú wa fi ọ́ pamọ́ sínú àìsàn tí o kò ṣe. Ìfẹ́ náà ló mú wa yọ ọ́ jáde níbẹ̀. Bọ́sẹ̀ ń rántí rẹ, àwọn ọmọ rẹ ń rántí rẹ, Gbọ́láhàn ń gbé iṣu tuntun wá sílé rẹ lọ́dọọdún, kì í sì í lè jókòó pẹ́. Èmi, mo ń gbọ́ ìró dígà láàárín oko, ọkàn mi á kọ́kọ́ ní ìwọ ni.

Mo bi Ìyá wa léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn kọ sí ọ. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé n kò tijú rẹ̀."