Fìlà Fọlọ́runṣọ́ Ṣì Ń Wọ̀ Ọ́

Táńtí Pauline ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Glei. Mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ ní Libreville. Orúnkún Bàbá ti ń sàn díẹ̀, òjò ti dé, a sì ti gbin àgbàdo. André ọkọ mi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ ní Atakpamé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí, inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó. Fìlà pupa tí ẹ hun fún ọmọ mi nígbà Àjíǹde ṣì ń wọ̀ ọ́. Ẹ rántí pé kí wọ́n tó fi rọ́bà tín-ín-rín tó ń fa omi orí rẹ̀ lọ sínú ikùn sí i lára, fìlà kan kì í pẹ́ kó tó fún un. Lánàá, nọ́ọ̀sì fi tépù wọn orí rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Ìyá Fọlọ́runṣọ́, orí yìí ò sáré mọ́."

Egbò tí a bí mọ́ ọn lẹ́yìn ti jinná, wọ́n sì ti gbà kí n máa pọ̀n ọ́n. A ò tíì mọ̀ bóyá yóò rìn. Àràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ kan àwùjẹ rẹ̀. Bó bá wú, ilé ìwòsàn yá.

Màmá ti ra òwú fìlà tó máa tẹ̀ lé e, bí a ti máa ń ṣe. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo sì fi í pamọ́.

Ọlọ́run á dá ọwọ́ tó hun fìlà yìí sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hun òmíràn. Ẹ̀wù ni kí ẹ rán. Ẹ̀wù rẹ̀ ló ti ń fún un báyìí.

Ọmọ yín,
Carole