Ìyá Olómi, Ẹni Tí Kì Í Jókòó Kí Ìlà Omi Tó Tán

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1951, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tó kọjú sí ọgbà iléeṣẹ́ omi, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Olómi. Bàbá wọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù ládùúgbò náà, ọmọ àgbẹ̀ kan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga fún odidi abúlé. Aránṣọ ni ìyá wọn, ọmọ aránṣọ. Ọmọ karùn-ún ni Màmá, àwọn nìkan sì ni obìnrin. Ìyá wọn a máa sọ pé oṣù mẹ́jọ péré ni wọ́n lò nínú ikùn, pé wọn ò ní sùúrù kí oṣù pé. Ìkánjú ni wọ́n fi wọ ayé, ìkánjú náà ni wọ́n sì fi gbé e.

Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé dáadáa, àga ni kò gbà wọ́n. Olùkọ́ kan kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde ìdánwò wọn pé, “Ọmọ yìí mọ̀wé, ṣùgbọ́n kì í jókòó.” Ìwé náà wà lọ́wọ́ wa títí dòní. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n ní ọdún 1967, páìpù irin kan já lu ọwọ́ bàbá wọn, ìka mẹ́ta sì lọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ti tú ká síbi iṣẹ́ nígbà náà, ni Màmá bá gbé sípánà kí ilé má bàa sùn lébi. Bàbá wọn á jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á máa fi ẹnu júwe, ọmọ á sì máa fi ọwọ́ ṣe é.

Ibi iṣẹ́ yìí ni olùkọ́ ìṣirò kan ti rí wọn. Ó wá fẹjọ́ sùn pé ẹ̀rọ omi yàrá òun ń jò. Màmá tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ń jò. Nígbà kẹta, Màmá tẹjú mọ́ ìdè ẹ̀rọ náà, wọ́n rí i pé ọwọ́ èèyàn ló ń tú u. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ èmi lẹ fẹ́ máa rí, ẹ wí, kí ẹ yéé ba nǹkan jẹ́.” Bàbá wa nìyẹn o. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1974, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́rin jíǹkí wọn. Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2011.

Láti ọdún 1976 ni Màmá ti ń bá iléeṣẹ́ omi ṣiṣẹ́. Wọ́n mọ ibi tí gbogbo páìpù gbà kọjá lábẹ́ títì bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. A ò ní purọ́ nítorí pé ìwé òkú là ń kọ: ẹ̀rọ omi ilé ìdáná tiwa jò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Bí a bá ráhùn, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin ṣáà rí omi tó ń jò. Àwọn kan ò rí rárá.”

Ní ti ẹ̀sìn, wọ́n ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1969, wọ́n sì di ọmọ ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ìwàásù bá ti gùn díẹ̀, wọ́n ti jáde lọ wo táńkì omi ìjọ. Pásítọ̀ wa bá wọn wí lẹ́ẹ̀kan pé, “Màmá, Ọlọ́run ń wo táńkì yẹn o.” Wọ́n fèsì pé, “Mo mọ̀, Pásítọ̀. Mo kàn fẹ́ bá a wò ó ni.”

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1998, àwọn ogunléndé bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òdì kejì odò. Ọgbà iléeṣẹ́ bíríkì kan tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n kó wọn sí: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn, ẹ̀rọ omi méjì. Oúnjẹ ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì, ìyẹ̀fun, ẹ̀wà àti òróró díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi se ẹ̀wà níbi tí kò sí omi? Màmá rí ìyá kan tó ń fi ìborùn rẹ̀ sẹ́ omi inú kòtò fún ọmọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n lọ bá àjọ aṣèrànwọ́ tó ń bójú tó ibùdó náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, wọ́n ti fa ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún. Bàbá wa ń gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n lọ níbẹ̀, ìdúró ni wọ́n sì máa ń jẹ ẹ́.

Ẹbí jókòó lé ibi tó kàn yìí lórí kí a tó kọ ọ́. Àwọn kan ní kí a fò ó. Ṣùgbọ́n Màmá fúnra wọn ò fò ó rí.

Ní oṣù kejì ọdún 2001, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, àwọn ẹ̀rọ gbẹ, ọkọ̀ táńkà ló wá ń gbé omi wá. Iṣẹ́ Màmá ni láti da oògùn apakòkòrò sínú táńkì ibùdó kí ẹnikẹ́ni tó bu omi. Ọ́fíìsì àjọ náà wá kọ̀wé pé láti ọ̀la lọ, awakọ̀ táńkà ni kó máa da oògùn náà níbi tó bá ti pọn omi. Wọ́n fi ìwé náà lé Màmá lọ́wọ́ nígbà tí Màmá ń sáré lọ síbi páìpù tó bẹ́. Wọ́n ká a sápò, wọn ò sì jókòó kà á. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ da tirẹ̀, Màmá náà da tiwọn.

Omi náà ò lè pa èèyàn, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń ta ni nímú. Àwọn tó sì wà lórí ìlà yìí, nílé wọn, àwọn ọ̀tá ti da májèlé sínú kànga wọn kí wọ́n tó sá. Ẹnìkan pariwo pé, “Wọ́n ti tẹ̀ lé wa débí o!” Ìlà tú ká. Odò ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí ibùdó ń ṣàn sí, ni wọ́n gbà lọ. Màmá ń sáré lẹ́yìn wọn, wọ́n ń bu omi táńkì náà mu kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, àrùn onígbáméjì pa èèyàn mọ́kànlá. Ẹni tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta, ọmọ kan ṣoṣo onídìrí kan tí ogun ti pa ọkọ rẹ̀.

Awakọ̀ ni ọ́fíìsì fẹ́ di ẹ̀bi náà rù. Ìwé ìlékúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí tábìlì nígbà tí Màmá dìde níbi ìpàdé. Wọ́n ní, “Ìwé yín wà lápò mi. N ò kà á. Ẹ fi ọkùnrin yìí sílẹ̀.” Wọ́n yọ Màmá nípò lọ́jọ́ náà. Màmá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí àwọn máa ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀.

Láti ibẹ̀, wọ́n gba àgọ́ onídìrí lọ, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, òórùn omi yẹn, ọwọ́ mi ni.” Onídìrí ò bú wọn. Ó ní, “Mo ti gbọ́, Màmá. Ẹ dìde. Ṣùgbọ́n omi yín ò tún ní kan ẹnu mi mọ́.”

Kànga kan tó jìn tó ìrìn wákàtí kan ni onídìrí wá ń lọ pọn lójoojúmọ́. Nígbà tí Màmá gbọ́, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n fọ kànga náà, wọ́n fi irin ṣe ìdérí fún un, wọn ò sì sọ fún un. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ́fíìsì dá Màmá padà sípò, ṣùgbọ́n ara wọn ò balẹ̀ mọ́. Ẹni yòówù tó bá ti da oògùn gbọ́dọ̀ so aṣọ pupa mọ́ ọrùn táńkì, Màmá á mu ife àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa wo ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Láti ọjọ́ náà, ohun tí Màmá ń fẹ́ láyé ò ju pé kí onídìrí mu ife omi kan lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí ibùdó tú ká ní ọdún 2009, onídìrí ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà kejì sí tiwa. Òun àti Màmá di ìyá àti ọmọ. Sátidé méjìméjì ló ń wá dirun fún wọn, wọ́n á jọ ṣòfófó, wọ́n á rẹ́rìn-ín débi pé Bàbá á ní kí wọ́n dákẹ́. Ṣùgbọ́n ike omi tirẹ̀ ló máa ń gbé dání. Màmá á bu omi sí ife, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá lọ tán, wọ́n á da omi náà sídìí òdòdó. Bí a ṣe bá a fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àìsàn ọkàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n sinmi, ẹsẹ̀ wọn ń rìn lábẹ́ aṣọ ìbora. Ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún, onídìrí ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun fún wọn tán ni, ó ti jáde. Wọ́n bi àkọ́bí wọn pé, “Ṣé ó mu ún?” Àkọ́bí ní rárá. Wọ́n mi orí, wọ́n sì dákẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n.

Lára àwọn tí Màmá fi sáyé lọ ni ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin kan, àwọn ọmọ mẹ́rin: nọ́ọ̀sì tó jẹ́ àkọ́bí, aránṣọ, mẹkáníìkì àti olùkọ́, àwọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá àti àrọ́mọdọ́mọ méjì.

Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ikú Màmá, nígbà tí à ń kọ ìwé yìí lọ́wọ́, a bi onídìrí pé kí ni ká kọ ọ́ sí: ọ̀rẹ́ àbí aládùúgbò? Ó dìde, ó bọ́ sí àgbàlá, ó ṣí ẹ̀rọ. Kò wá ife. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi, ó mu, ó tún gbà, ó tún mu. Omi ń ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì ń sunkún. Kí a má purọ́, inú bí wa. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló fi pẹ́. Nígbà tó yá, ó nu ẹnu, ó ní, “Ẹ kọ mí mọ́ àwọn ọmọ.”

A ti kọ ọ́. Ọmọ márùn-ún ni Màmá fi sáyé lọ.

Màmá, ó ti mu ún o. Ẹ sùn re.