Ìdáhùn Bàbá Sójà Létí Omi

Ọ̀rẹ́ mi Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí o ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, àwọn tí kì í dúpẹ́ tí kì í sì í ní sùúrù. Kí ara rẹ ó le bí ọta, kí ọkàn rẹ ó sì fúyẹ́. Àlàáfíà ni àwa náà wà. Iṣẹ́ àga bíbò ń lọ déédéé. Tí ọwọ́ mi kò bá sí nínú fóòmù, á wà lára ìṣó. Ọkọ mi ní kí n bá òun kí ọ, ó ní ó pẹ́ tí o ti yà wá wò kẹ́yìn.

O ti gbọ́ pé Bàbá Sójà ti dágbére fáyé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a sin wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló ń bi mí pé ìwọ dà, mo sì ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́. N kò bá ọ jà lórí ẹ̀, n kò sì ní bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú náà tí kò jẹ́ kí n gbádùn, o sì mọ̀ mí: Bàbá kò ṣèèṣì sọ mí ní Ojúmìító.

Nígbà tí a kúrò ní ibojì, àwa tí Bàbá tọ́ nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kóra jọ sínú ilé pákó tó wà lẹ́nu igbó, níbi tí a ti ń kó àgọ́ àti bàtà wa pamọ́ sí láyé ọjọ́un. Gbogbo wa ti dàgbà. Àwọn kan ti yọ ikùn, àwọn kan ti pá lórí. Kálukú ń sọ ohun tó rántí. Ẹnì kan ní Bàbá ló kọ́ òun bí a ṣe ń dáná nínú òjò. Ẹlòmíràn ní òun bi wọ́n rí pé kí ló dé tí wọn kò jókòó sílé wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń tiro, kí wọ́n máa gba owó ìfẹ̀yìntì wọn jẹ́jẹ́, tó fi jẹ́ pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń kó kiri igbó ní gbogbo Sátidé. Bàbá dá a lóhùn pé ẹni tó bá ti rí bí ogun ṣe ń fi ọ̀dọ́ ṣòfò kò ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn mọ́. Ni káfíńtà kan bá ní kò sẹ́ni tó mọ ohùn ẹyẹ bíi Bàbá, pé ẹyẹ kì í tíì ké tán tí wọ́n á ti dárúkọ rẹ̀. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Èmi nìkan ni kò dá lójú. Mo ń rò ó. Ṣé o rántí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é? Tí wọ́n bá rí i pé a yí ojú sí igi kan, wọ́n á dúró, wọ́n á nàka sókè, wọ́n á ní, "Kí lẹ gbọ́?" Àwa á wá máa jìjàdù. Ẹnì kan á ní ó ń súfèé bí ẹni tó ń pe ajá, ẹlòmíràn á ní ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìgbà náà ni Bàbá á rẹ́rìn-ín, tí wọ́n á dárúkọ ẹyẹ náà. Mo ronú títí, n kò rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ẹyẹ kí àwa tó sọ bó ṣe ń dún.

Bí èmi àti Màmá, ìyàwó wọn, ṣe ń fọ ife lẹ́yìn ilé, n kò lè pa á mọ́ra, mo bi wọ́n. Màmá gbé ife sílẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ń nu ojú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ etí fún wọn." Bọ́ǹbù tó ṣe Bàbá lẹ́sẹ̀ ló di etí òsì wọn pátápátá, etí ọ̀tún kò sì gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́. Láti ojú ogun ni Bàbá ò ti gbọ́ igbe ẹyẹ mọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹyẹ, láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Tí a bá ti ṣàpèjúwe rẹ̀, wọ́n á rántí. Màmá ní tí Bàbá bá délé ní Sátidé mìíràn, inú wọn á máa dùn ṣìnkìn, wọ́n á ní, "Mo gbọ́ ẹyẹ lónìí."

Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi fi í pamọ́ fún wa. Màmá ní ibi iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá rí lẹ́yìn ogun, gbàrà tí ọ̀gá ibẹ̀ mọ̀ pé Bàbá kò gbọ́ràn dáadáa ló ní kí wọ́n máa lọ sílé. Òbí wo ni yóò wá fa ọmọ rẹ̀ lé adití lọ́wọ́ pé kó mú un wọ igbó? Nítorí náà, ohun tí Bàbá kò bá gbọ́, wọ́n á kàn mi orí, wọ́n á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Ó ti mọ́ wọn lára.

Jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni mo gbé ife tèmi náà sílẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ ibùdókọ̀, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí a ti rí ara wa gbẹ̀yìn, tí o wá sọ ìdí tí o fi fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún mi. O ní wọ́n fi àbúrò rẹ tí ibà ń ṣe tì ọ́, oorun gbé ọ lọ, nígbà tí o fi máa jí, ẹ̀pa ò bóró mọ́. O ní kò sẹ́ni tó bá ọ wí nílé, ìyẹn gan-an ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí à ń lọ létí omi, o fi ìgboyà bi Bàbá pé, "Ṣé èmi ni mo pa àbúrò mi?" Bàbá mi orí, wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," wọ́n sì ń rìn lọ.

N kò fẹ́ fi ìrètí asán tàn ọ́ jẹ, nítorí náà mo kọ́kọ́ lọ wo ọ̀nà náà fúnra mi ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ṣì wà bó ṣe wà, tóóró, ẹrẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Béèyàn bá ń lọ, omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, gegele oníkoríko wà lọ́wọ́ òsì. O mọ̀ pé Bàbá kì í jẹ́ kí ọmọdé kankan rìn níhà omi. Ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe odi. Ọwọ́ òsì wọn ni o wà, Jẹ́jẹ́. Etí tó ti kú ni o bá sọ̀rọ̀.

Mo padà lọ bá Màmá, mo sì tú àṣírí rẹ fún wọn. Bínú sí mi tí o bá fẹ́. Mo rò pé wọ́n á sunkún, wọn ò sunkún. Wọ́n ní ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà, mo ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Màmá ní, "Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Rárá o. Rárá ni ìdáhùn yẹn, kò sì ní òmíràn."

Wọ́n wá sọ fún mi pé Bàbá kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bàbá ní, "Ọmọ yẹn bi mí ní nǹkan, omi lé ròrò sójú rẹ̀. N kò gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni." Ní Sátidé kejì, wọ́n dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé pákó náà, o kò wá. Nígbà tí wọ́n máa fi dé ilé yín, ìyá rẹ ti kó yín lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ, àwọn aládùúgbò ò sì mọ ìlú tí ẹ gbà lọ. Láti ìgbà náà ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó níwájú ọmọdé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn, tí wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀, tí wọ́n á ní, "Tún un sọ, ọmọ mi." Àwa tí a ṣẹ́kù ń sọ láàárín ara wa pé ọjọ́ ogbó ló sọ Bàbá di onísùúrù. A kò mọ̀ pé torí tìrẹ ni.

N kò ní parọ́ fún ọ, inú bí mi sí Bàbá. Ìtìjú tiwọn ló gbé ẹrù ka ọmọ ọlọ́mọ lórí. Mo sọ ọ́ lójú Màmá, Màmá kò sì jiyàn. Wọ́n ní àwọn bẹ Bàbá nígbà náà pé kí wọ́n jẹ́wọ́ fún àwọn òbí, Bàbá kọ̀. Màmá ní, "Ẹni tí kò sá fún ìbọn, ó sá fún ìyá ọlọ́mọ." Síbẹ̀ náà, mo fẹ́ràn wọn. N kò mọ bí mo ṣe máa ya méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì lè má yà.

Lẹ́yìn náà ni Màmá dìde tí wọ́n ń wá bàtà. Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu là á fi í sọ, kí n mú àwọn lọ bá ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi dá wọn dúró, pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ lẹ́tà ná, kó má bàa dà bíi pé a já lù ọ́. Wọ́n fún mi láyè di Sátidé. Tí o kò bá fẹ́ rí wa, ránṣẹ́ sí mi, màá ṣàlàyé fún wọn. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, ọkọ̀ àárọ̀ la máa wọ̀.

Kí Ọlọ́run ó tu ọkàn rẹ lára. Kí àbúrò rẹ ó máa sinmi níbi tó wà, kí ìwọ náà ó sì rí oorun sùn. Ohun tó ń jẹ́ ìròyìn ayọ̀ kò ní í jìnnà sí ilé rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ojúmìító

Àfikún: Orúnkún Màmá kò gba àtẹ̀gùn mọ́, bẹ́ẹ̀ òkè téńté ni o ń gbé. Ìsàlẹ̀ la máa dúró sí. Jọ̀ọ́, sọ̀kalẹ̀ wá bá wa.