Ìjì Ló Kọ́kọ́ Dé, Kì í Ṣe Omi

Bayou Perdrix,
Luisiánà.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá.

Noélie ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Houston níbẹ̀, àti pé ikọ́ tó ń dààmú àbíkẹ́yìn rẹ ti fi í sílẹ̀. Ní tèmi, ara mi le, àfi orúnkún tó ń dùn mí. Ìyẹn sì ti ń dùn mí kí ìjì tó jà, n kò lè kà á sí i lọ́rùn. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní kí n tọwọ́ bọ ìwé tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ránṣẹ́, kí n gba ìwọ̀nba tí wọ́n fẹ́ fún mi lórí ilé yìí, kí ọkọ rẹ sì gbé ọkọ̀ ẹrù wá kó mi lọ sí yàrá tí ẹ ti tọ́jú dè mí. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò tọ́jú tiyín náà. Ṣùgbọ́n mo fàáké kọ́rí, n kò tọwọ́ bọ ìwé kankan. Fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

O mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ìjì náà jà. Ilé Alcide Guidroz, aládùúgbò wa, ni mo sá sí, nítorí pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ tirẹ̀. Ibẹ̀ la wà tí a ń gbọ́ bí páànù orí ilé wa ṣe ń ya bí aṣọ. Nígbà tí ìjì rọlẹ̀ tí a jáde, ìdajì òrùlé lápá ẹ̀yìn ti lọ. Òjò ti gba ibẹ̀ rọ̀ sórí àjà títí àjà fi já sórí ibùsùn tí bàbá rẹ kú lé. Ṣùgbọ́n kò sí omi nílẹ̀, Noélie. Iyanrìn àgbàlá ti mu òjò tán kó tó di ọ̀sán.

Iná ti lọ, o sì mọ bí a ti ń ṣe níhìn-ín. Tí ìjì bá ti gba iná lọ, a kì í jókòó ká máa wo ohun tó wà nínú fìrísà títí yóò fi rà. Gbogbo àdúgbò gbé edé, alákàn àti ẹran àgbọ̀nrín wọn wá sí àgbàlá wa, nítorí pé ìkòkò bàbá rẹ ló tóbi jù, èmi ni mo sì dúró ti iná. A jẹun, a rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, torí pé a ṣì wà láàyè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni omi òkun tó ṣẹ́rí padà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba inú irà ẹ̀yìnkùlé wọlé tọ̀ wá. Ó dé orúnkún mi nínú ilé ìdáná, ó sì lo ọjọ́ méjì kó tó fà.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn máa rán ẹnì kan wá wo ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Ohun tí mo gbọ́ sétí ni pé àlejò ń bọ̀. O mọ irú ìyá tó bí mi, àlejò kì í bá ìdọ̀tí nílé rẹ̀. Mo gbá ilẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ ògiri. Mo ní kí wọ́n kó àjà tó já àti ibùsùn síta, ọkọ̀ pàǹtí sì kó o lọ. Alcide pariwo títí: "Màmá, ẹ má gbá nǹkan kan o! Ẹ jẹ́ kó bá gbogbo ẹ̀ bó ṣe wà!" Mo ní: "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre. Ṣé orí pàǹtí ni kí n gbé àlejò jókòó sí?" Àfọwọ́fà gbáà ni, n kò ní ẹni tí mo lè dì í rù.

Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ni orúkọ ẹni tí wọ́n rán wá. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó mu kọfí mi, ó jẹ mẹ́ta nínú àwọn àkàrà oníṣúgà tí mo dín, ó sì ní: "Mà, ilé yín mà mọ́ o." Inú mi dùn bí òmùgọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà wọn dé. Wọ́n ní páànù nìkan ni ìjì bàjẹ́, omi ló ba gbogbo ìyókù jẹ́, omi kò sì sí nínú àdéhùn; kí n tọwọ́ bọ ìwé tó wà nínú rẹ̀, kí n gba owó páànù.

Mo gbé ìwé àdéhùn náà jáde, mo fi awò méjì kà á, ọ̀kan lórí èkejì. Ó sọ pé ohun tí ìjì bá bàjẹ́, àti ohun tí òjò bá bàjẹ́ nígbà tó gba ihò tí ìjì dá sí òrùlé wọlé, àwọn ló ni ín. Omi tó bá gba orí ilẹ̀ wọlé, ìwé mìíràn ni wọ́n ń rà fún ìyẹn, èmi àti bàbá rẹ kò sì rà á rí. Ìyẹn, mo gbà. Pákó ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri, omi ló jẹ ẹ́, n kò bi wọ́n léèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjà ńkọ́? Omi wo ló dé orúnkún èèyàn tó tún fò sókè lọ já àjà lulẹ̀?

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Obìnrin tó gbé e ní: "Mà, ẹ̀rí dà?" Mo ní mo ti kó o dànù. Ó ní: "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó o dànù?" Mo sì gbọ́ tó ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ọmọ mi. Ojú tì mí, inú sì bí mi, ṣùgbọ́n inú tó bí mi ló pọ̀ jù. Lẹ́tà rẹ bá mi nínú ẹkún yẹn. Mo ti mú bírò lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé tí mo bá ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ilé yìí ti parí nìyẹn.

Alcide ló wọlé. Ó ní: "Màmá, fọ́tò yẹn ńkọ́?" Mo ní: "Fọ́tò wo?" Mo mọ èyí tó ń wí. Lọ́jọ́ tí a ń se edé, ó yà mí ní fọ́tò láìjẹ́ pé mo mọ̀. Ṣòkòtò tí bàbá rẹ fi ń pẹja ni mo wọ̀, okùn ni mo fi so ó mọ́dìí, irun mi dúró ṣánṣán. Mo la ẹnu gbàgà, mo ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí eyín níbẹ̀, torí inú ife ní ilé Alcide ni mo fi í sí. Ogójì ọdún ni mo ti ń gbé abúlé yìí, kó tó di ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rí mi láìsí eyín rí. Mo ti fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́.

Ó ní: "Mi ò pa á rẹ́ o. Màmá, ẹ má wo ara yín, ẹ wo ẹ̀yìn yín." Mo wò ó. Lẹ́yìn mi, òrùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu, àjà ń rọ̀ dirodiro lójú fèrèsé. Ajá Alcide nà gbọọrọ sórí ilẹ̀, ó ń sùn. Fóònù sì ti kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i: ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kí omi tó dé. Mo ju bírò sílẹ̀. Mo ní: "Lọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Kó tóbi o."

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ki eyín mi bọnu, mo gbé fọ́tò náà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀gá wọn wò ó títí. Ó ní: "Mà, ta lèyí?" Èèyàn kún ibẹ̀ bámú, mi ò sì rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní: "Èmi ni. Ẹ wò ó dáadáa. Tí mo bá fẹ́ purọ́ fún yín, ṣé fọ́tò tí mi ò ti ní eyín lẹ́nu ni màá fi purọ́?" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò dìde lórí àga títí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn á rán ẹlòmíràn wá.

Obìnrin ni wọ́n rán lẹ́ẹ̀kejì, ó gun àkàbà dé orí igi òrùlé. N kò dín nǹkan kan fún un. Àná ni lẹ́tà tuntun dé. Wọ́n gbà: òrùlé, àjà, òkè ògiri, títí kan ibùsùn bàbá rẹ. Pákó ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ló kù, tiwa nìyẹn.

Nítorí náà, sọ fún ọkọ rẹ pé kó gbé ọkọ̀ ẹrù náà wá bó ti ṣèlérí. Ṣùgbọ́n kó má gbé e wá lófìfo. Pákó ni kó kó kún inú rẹ̀.

Kí Ọlọ́run bo orí ilé rẹ, kó má jẹ́ kí ìjì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Kí àwọn ọmọ rẹ dúró tì ọ́ bí o ti ń dúró tì mí, kódà nígbà tí o bá ṣi ọ̀nà gbà.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò lọ síbì kankan,

Elmire Trahan.

Mo tún rántí: ya gbogbo yàrá rẹ ní fọ́tò lónìí, má sì gbálẹ̀ kí o tó yà á. Tèmi ti wà lára ògiri pálọ̀, nínú férémù, ibi tí àlejò máa kọ́kọ́ rí. Ẹni tó bá fi mí rẹ́rìn-ín yóò bá wa kan pákó.