Ọ̀gá Tó Lé Mi Kúrò Nídìí Oògùn Mi

                                        Yàrá Ìwádìí Oògùn,
                                        Àjà Kejì,
                                        Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísìrì.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màámi ti fúyẹ́ díẹ̀? Ní tèmi, ara le, inú mi sì tutù bí omi àmù.

Ẹ ò lè gbàgbé ọ̀gá mi àtijọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Onítáì. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti ṣe làálàá kí n tó rí èròjà tó ń pa kòkòrò ikọ́ ife. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fún àwọn eku lò, ẹ̀dọ̀ wọn wú. Mo ní ká dúró ná, ká tún un ṣe. Ó ní ojora ló ń mú mi. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló fi gbé oògùn náà jáde, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ rárá. Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní ìlara ló ń dà mí láàmú.

Orí àga yín ni mo ti sunkún. Ẹ ní kí n fìjà fún Ọlọ́run jà. Mo ṣe àmín lẹ́nu, ṣùgbọ́n ìjà yẹn, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ jà á. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Yàrá tí wọ́n fún mi níbí, ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí mo wà yìí, òrùlé rẹ̀ ń jò, ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta sì ń ké bí ewúrẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń tú oògùn náà bí ẹni tú aṣọ, tí mo ń tún un rán. Ìbínú ni mò ń jẹ, òun náà ni mò ń mu. Nígbẹ̀yìn, mo rí apá kékeré kan lára rẹ̀ tó ń di májèlé nínú ẹ̀dọ̀. Mo yọ ọ́, mo fi òmíràn rọ́pò. Àwọn eku lò ó, ẹ̀dọ̀ wọn mọ́ kedere, kòkòrò sì ń kú bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná lé.

Mo wá kọ gbogbo rẹ̀ síta, pẹ̀lú ẹ̀rí. Wọ́n ti fẹ́ máa dán oògùn ti ọ̀gá wò lára ènìyàn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n dá ìdánwò náà dúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá bá mi. Mo jẹ́ kó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí mo fi fọ gbogbo ìgò mi tán. Ó pè mí ní ọmọ rẹ̀. Ó ní ṣebí àwa méjèèjì la jọ bẹ̀rẹ̀, kí n jọ̀ọ́ fi orúkọ òun kún tèmi lórí oògùn tuntun, kí ìtìjú lè bò mọ́lẹ̀. Mo wá àánú nínú ara mi, mi ò rí i.

Mo ní, "Ọ̀gá, orúkọ yín ti wà níbẹ̀. Ó wà níbi tí mo ti sọ ẹni tó ṣe èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Mo kọ ọ́ ní kíkún, mi ò gé e kúrú."

Mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn fún un bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Ẹ sọ fún Màámi pé mo ti ń jẹun dáadáa. Mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ bá mi wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀ díẹ̀ ná.

                                        Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
                                        Atawẹ́wẹ́ Màámi.