Ìwádìí Tí Bàbá Kékeré Fi Ìwé Ìròyìn Ṣe

Bàbá mi,

Mo ti lọ́kọ o. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún ní gbogbo ayé. Mo ti lọ́kọ, a ti lọ sí kóòtù ní Upper Marlboro, ní Amẹ́ríkà níbí, èmi pẹ̀lú Rótìmí, adájọ́ obìnrin kan bi wá ní ìbéèrè, a dáhùn, a fọwọ́ sí ìwé, a sì jáde bọ́ sínú yìnyín, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Òrùka mi wà lọ́rùn mi, lórí okùn, lábẹ́ aṣọ. Bí mo bá ń kó aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ níbi iṣẹ́, ó máa ń kàn mí láyà, á tutù, èmi nìkan á wá máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

Mo láyọ̀, Bàbá. Mo mọ̀ pé mo láyọ̀. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ló yà mí lẹ́nu. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni tó wà nínú ilé ṣe ń mọ̀ pé òjò ń rọ̀: ó ń gbọ́ ọ lórí páànù, kò kàn án lára. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pè mí pé ẹ ti lọ ni ara mi ti rí báyìí. Mò ń ká tówẹ̀lì lọ́jọ́ náà ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Oxon Hill. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ká ìyókù. Mi ò sunkún. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, mi ò lè wá sin yín. Wọ́n fi fídíò ìsìnkú ránṣẹ́, mi ò tíì wò ó. Ta ló di ọwọ́ yín mú nígbà tó kù díẹ̀? Ṣé ẹ bèèrè mi?

Ibùdókọ̀ ojú irin ní New Carrollton ni mo ti pàdé Rótìmí. Ọkọ̀ wa pẹ́, ó ń jẹ ẹ̀pà inú ìgò, ó sì fi lọ̀ mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, àmọ́ Ítálì ló ti dàgbà, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Brescia, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kó tó jẹ lọ́tìrì físà tó gbé e wá sí Maryland. Tí mo bá ní kí n sọ bó ṣe dára tó, ilẹ̀ á ṣú. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ mi. Ó máa ń bi mí pé kí ni mo jẹ kó tó bi mí pé kí ni mo ṣe. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà ṣe máa ń bi mí.

Ọ̀rọ̀ Ítálì yìí ló fa wàhálà. Nígbà tí mo mú Rótìmí lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní Seat Pleasant, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó bu ẹran lé e lórí oúnjẹ, ó wá ní òun á ṣe ìwádìí ìdílé rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé: a ó rán ẹnì kan lọ sí àdúgbò wọn, yóò bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, lọ́wọ́ pásítọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń rán aṣọ ní ìkóríta. Ta ni Bàbá Kékeré máa rán lọ sí Brescia? Ìwé ìròyìn ló rán.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Nàìjíríà, ó ra àwọn ìwé ìròyìn ilé tó máa ń pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Gbogbo ibi tí Ítálì ti jáde nínú wọn, bọ́ọ̀lù ni, tàbí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ní wọ́n lọ ṣe aṣẹ́wó, tí wọ́n dá padà, tí wọ́n tò sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, tí wọ́n fi ọwọ́ bojú. Ó pè mí.

"Ìyá ọmọ yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe ní Ítálì?"

"Ó ń tọ́jú arúgbó ni sà, bíi tèmi."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. O ò ka ìwé ìròyìn ni? Mi ò ní fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún ilé tí ayé máa fi bú wa. Tó o bá fẹ́ lọ síbẹ̀, wá ẹlòmíràn tó máa dúró fún ẹ."

Ẹlòmíràn wo? Màmi ti ṣáájú yín lọ. Òun nìkan ló kù tó ní imú yín.

Ìdí tí a fi dá lọ sí kóòtù nìyẹn. Àmọ́ mi ò fẹ́ wọ ilé ọkọ bí ẹni tí kò ní èèyàn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn fúnra mi, tàwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn àgbàlagbà ibi iṣẹ́ wa bá kà tán. Bàbá, Ítálì míràn ló wà níbẹ̀! Òróró ólífì, wáìnì, ìjọba tó ṣubú lánàá tó tún dìde lónìí, tọkọtaya Amẹ́ríkà tó lọ ra ahoro lórí òkè tí wọ́n sọ ọ́ di ilé ẹlẹ́wà. Mi ò rí èèyàn dúdú kan níbẹ̀. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kàwé ìròyìn lórí àga onígi yẹn ní Mọ́kọ́lá, tí ẹ fi òwú so awò ojú yín? Tí ẹ bá kà á tán, ẹ ó ká a, ẹ ó fi lu orúnkún, ẹ ó ní, "Ó dáa. Ta ni wọn ò bi?" A máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. A ò mọ̀ pé ìbéèrè gidi ni. Wọn ò bi àwọn ọmọbìnrin yẹn ní orúkọ wọn. Wọn ò bi ìyá Rótìmí, tó ń se ọbẹ̀ fún ìyá arúgbó kan ní Brescia, tí arúgbó náà kì í jẹun bí kò bá sí nítòsí.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo ra káàdì ìpè, mo lọ bá Bàbá Kékeré nílé, mo kúnlẹ̀. Mi ò sọ nípa kóòtù. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹnì kan wà tí ẹ ò tíì bi. Bàbá mi ì bá ti bi í." Ó ní kí n pe ìyá Rótìmí. Mo jẹ́ kí ohùn fóònù jáde sí gbangba.

"Ẹ kú ìsinmi o, màmá. Èmi ni bàbá ọmọbìnrin yìí. Ẹ má bínú, ohun tí à ń kà nípa Ítálì ló ń dẹ́rù bà wá."

"Ẹ̀yin náà ẹ má bínú, sà. Èmi gan-an ń ṣe ìwádìí yín. Ìwé ìròyìn tibí ní kò sẹ́ni tí kì í gbé ìbọn kiri ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ńkọ́ sà, ìbọn mélòó lẹ ní?"

"Ìbọn kẹ̀? Èmi tí mò ń sá fún ológbò aládùúgbò!"

"Ẹ kúkú gbé ọ̀kan, sà, kí ẹ fi lé ológbò."

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. Bàbá, ẹ̀rín yín ni. Èyí tó máa ń kọ́kọ́ há sí ọ̀fun bí ẹni tó fẹ́ wúkọ́, kó tó bú jáde. Mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́fun ẹlòmíràn. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí káàdì fi tán. Ó bi í ní agboolé wọn ní Ọ̀yọ́, ó sì ti rán èèyàn lọ síbẹ̀ lóòótọ́. Ìròyìn rere ló dé.

Ẹsẹ̀ mi ti kú níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Nígbà tí mo dìde, ẹ̀jẹ̀ ń padà sí i, ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Ibì kan láyà mi náà gún mi. Díẹ̀ ni. Mo kàn sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀.

Bàbá Kékeré rí okùn lọ́rùn mi bí mo ṣe ń dìde.

"Kí ló wà lórí okùn yẹn?" Kó tó di pé mo la ẹnu, ó gbọ́wọ́ sókè. "Má dá mi lóhùn. Fi síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí èmi fúnra mi máa fà ẹ́ lé wọn lọ́wọ́."

Òun ló mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá Rótìmí ń bọ̀ láti Brescia. Bàbá Kékeré ní òun ò gba pípẹ́ láyè, kí gbogbo èèyàn ti jókòó nílé òun kí oòrùn tó mú. Ó tún ní òun á gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun tí ẹnikẹ́ni ò ní jókòó lé. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣé ẹ máa rántí awò ojú yín?

Èmi ni, ọmọ yín tí òrùka ṣì ń tutù lórí àyà rẹ̀, tó fẹ́ràn yín, tó sì ń retí yín ní Sátidé tó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde.