Òkúta Tí Mo Rò Pé Mo Sun

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta
Wọ́n mú mi! Nínú gbogbo kíláàsì wa, èmi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n wá ka òkúta nínú láàbù wọn. Ilà tín-tìn-tín wà nínú hóró òkúta. Bí ó bá gbóná lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ilà náà a súnkì. Ilà gígùn — ó ti tutù tipẹ́. Ilà kúkúrú — ó ti tún gbóná. Bí mo bá ka òkúta àkọ́kọ́ yìí re, mo di ọmọ láàbù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó dàárọ̀.

Màmá rẹ́rìn-ín títí lórí fóònù. "Ìwọ tí omi lásán ń jóná mọ́ lọ́wọ́, òkúta ni wọ́n wá gbé fún?"

Ọjọ́rú, 6
Mo fọ òkúta tí a ti lọ̀, mo gbé e sínú àpótí ooru kó lè gbẹ. Inú mi ń dùn.

Ẹtì, 15
Kúkúrú! Gbogbo ilà ló kúkúrú! Bẹ́ẹ̀, ogún ọdún ni Bàbá Òkúta (orúkọ tí mo fún Ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn, kí wọ́n má gbọ́) ti ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òkè tí òkúta yìí ti wá kò tún gbóná mọ́ láti ìgbà tó ti tutù. Ta ni mo jẹ́?

Àbámẹ́ta, 16
Àǹtí tó ń tọ́jú láàbù ní ẹnìkan ti gbé ooru àpótí yẹn sókè gan-an lọ́jọ́rú tí mo lò ó. N kò wo nọ́ńbà! Àṣé èmi ni mo yan òkúta bí ẹ̀pà. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ló fi pa ìtàn rẹ̀ mọ́ — ọ̀sán kan ni mo fi pa á rẹ́.

Àìkú, 17
Mo ti kó báàgì mi jọ lọ́kàn.

Ajé, 18
Mo sọ fún wọn. Bàbá Òkúta yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún. "A ní kí o ka ilà, o lọ dáná." Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ṣáà lanu! Bàbá Òkúta wá fún mi ní ìdajì òkúta kan náà tí kò wọ àpótí. "Afẹ́fẹ́ ni kí o sá èyí sí. Ká ní o dákẹ́ ni, ǹ bá ti lé ọ."

Ọjọ́bọ̀, 28
Ó ti gbẹ. Mo kà á. Mo tún un kà. Lọ́la, màá gbé e lọ bá Bàbá Òkúta.

Ẹtì, 29
Kúkúrú náà ni! Kì í ṣe èmi! Bàbá Òkúta jókòó sídìí maikirosikóòpù, wọ́n ń ka ilà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tó yá: "Ẹ̀gbẹ́ kejì òkè ni mo ti gé tèmi nígbà náà. N kò dé ibi tí èyí ti wá rí." Wọ́n dìde, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ọmọ láàbù kì í dúró lẹ́yìn àga. Jókòó. Kọ ohun tí o rí."

"Ìwé tiyín ńkọ́, sà?"

"Àwa méjèèjì la máa tún un kọ."

Mo kọ ọ́: Òkè yìí ti gbóná lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n kà á láti ẹ̀yìn mi. Wọn ò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.